Ewéko òkun wo, irin wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣe èérún nano tó ń pa bakitéríà

Ìyẹ̀fun funfun méjì wà nínú ìgò méjì. Ọ́ksáìdì sínkì ni ọ̀kan, ọ́ksáìdì titanium ni èkejì. Omi ewéko òkun kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, ojú lásán ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ṣùgbọ́n ẹ pò wọ́n mọ́ bakitéríà, kí ẹ gbé wọn sínú òkùnkùn. Sínkì á máa bá iṣẹ́ lọ. Titanium ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i dìde. Ẹni tó bá fi titanium kun inú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kì í dé ti fi owó àti àsìkò rẹ̀ ṣòfò.

Torí irú èyí ni mo ṣe kọ ìfiwéra yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ àṣekágbá ni mo ní lọ́kàn jù, àti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, aṣọ tàbí ọ̀dà, tí wọ́n ti gbọ́ pé a lè fi ewéko òkun ṣe èérún irin tó ń pa bakitéríà. Èérún nano ni à ń sọ, ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín nanomita 1 sí 100, bẹ́ẹ̀ nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan. Iṣẹ́ tó ṣe kókó ni. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 2022 sọ pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ló kú lágbàáyé nítorí bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́.

Ní ti ewéko òkun fúnra rẹ̀, ó ti pọ̀ débi pé ó ti di ìyọnu. Láti 2011 ni Sargassum, ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń léfòó, ti ń ya bo etí òkun láti Karibíà títí dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, sátẹ́láìtì rí i tó nà tó kìlómítà 8,850, tí ìwúwo rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ. Ó ń dí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ó ń wọ́ àwọ̀n apẹja, tó bá sì jẹrà sí etíkun, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹyin tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi kí a tó lọ jìnnà. Irin ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kì í ṣe ewéko. Ibi tí ohun tí ẹ ń ṣe máa gbé ni kí ẹ sì fi yan irin náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bi ara yín pé ewéko wo ni omi rẹ̀ máa bá irin yẹn ṣe dáadáa.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bíkà

Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé èròjà inú ewéko ń fún sínkì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kó tó di èérún nano. Ti fàdákà ni wọ́n ń sọ, wọ́n kàn gbé e kọ́ sínkì lọ́rùn ni. Iyọ̀ fàdákà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kó tó di fàdákà gidi, òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ olùwádìí NANO+ ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣe nìyẹn: wọ́n ti fi èèpo obì, èèpo kòkó, kódà ilé aláǹtakùn, ṣe èérún fàdákà.

Sínkì ò rí bẹ́ẹ̀. +2 ni, ìyẹn ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ti kúrò lára rẹ̀, nígbà tó wọ inú bíkà, +2 náà ni nígbà tó jáde. Ẹni tó ń bá a rìn nìkan ló yí padà. Pẹ̀lú acetate tàbí nitrate ló wọlé. Nígbà tí omi bá di bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó di hydroxide. Nígbà tí iná bá lé omi kúrò lára rẹ̀, ó di ọ́ksáìdì. Titanium àti magnesium náà ò yàtọ̀. Kí wá ni iṣẹ́ ewéko? Ó ń di áyọ́ọ̀nù irin (irin tó ti yọ́ sínú omi, tó ní àmì bíi +2 yẹn) mú kó má baà yára dà pọ̀, ó sì ń bo ara èérún kọ̀ọ̀kan kó má lẹ̀ mọ́ èkejì. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ pé tí èèyàn bá da èlùbọ́ síná láìrò ó, kókó ló máa dì. Ewéko ni ọmọ orógùn níbí.

Èyí ṣe pàtàkì nínú yíyàn torí pé tí ẹ bá rò pé agbára ìfúnni ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lẹ ń wá, ewéko tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú jù lọ lẹ máa lọ kó. Tí ẹ bá mọ̀ pé ohun tó ń dì mú tó sì ń bò lẹ nílò, ẹ máa wo bí omi rẹ̀ ṣe ń fà, ẹ ò ní wo bó ṣe dúdú tó.

## Sínkì àti bàbà

Àwọn méjèèjì yìí ni mo máa pẹ́ lórí, torí àwọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa yàn.

Ọ́ksáìdì sínkì, ZnO, kì í ṣe àjèjì nílé wa. Òun ló wà nínú kálámáìnì tí wọ́n fi ń pa ooru ara, àti nínú ìpara ìdí ọmọ ọwọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló fi ń bá bakitéríà jà: áyọ́ọ̀nù sínkì tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ́síjìn alágbára tó ń jáde láti ojú èérún, àti fífara kan awọ bakitéríà ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ ń fi kún agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró de ìmọ́lẹ̀. Ó ní àléébù kan tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ó ń yọ́ nínú ohun tó kan (ásíìdì), ó sì tún ń yọ́ nínú ohun tí kọ́stíìkì rẹ̀ pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń da kọ́stíìkì sódà sínú bíkà títí tí ohun funfun tó ti dì fi pòórá mọ́ ọn lójú. Kò bàjẹ́ o, ó ti yọ́ padà ni. Ẹ dúró bí pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bí kọ́stíìkì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bá ti wà ní nǹkan bíi 10.

Bàbà dúdú, CuO, lè lágbára jù ú lọ nígbà mìíràn. Áyọ́ọ̀nù bàbà ń yí láàárín +1 àti +2 nínú ara bakitéríà, ìyípadà yẹn fúnra rẹ̀ sì ń da ọ́síjìn alágbára sílẹ̀ láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ní 2008, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, fọwọ́ sí bàbà àti àdàlù rẹ̀ pé wọ́n ń pa bakitéríà lórí ohun tí ọwọ́ ń kàn bí ìmú ilẹ̀kùn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn: bàbà ni wọ́n ti ń fín sórí igi kòkó fún àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú láti ìgbà àwọn bàbá wọn.

Ṣùgbọ́n agbára yẹn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bàbà ń pa ẹja, ó ń pa ìgbín, ó ń pa ewéko inú omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òpin mílígíráàmù 2 sí lítà kan lé bàbà nínú omi mímu. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ohun tó máa wọ inú odò, adágún ẹja tàbí omi mímu, mi ò ní gbà yín níyànjú láti lo bàbà, bó ti wù kó lágbára tó. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Dúdú ni. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ pò ó mọ́ ọ̀dà funfun tàbí aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti bàbà nìkan. Ibi tó ti jẹ́ òótọ́ pé ewéko lè fún irin ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyí. Ẹ rántí ìdánwò Fehling ní sẹ́kọ́ńdírì, tí ṣúgà ń sọ omi búlúù di pupa bí bíríkì. Ṣúgà wà nínú ewéko òkun pẹ̀lú, nítorí náà Cu₂O pupa lè dì sínú bíkà yín dípò CuO dúdú, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Àwòrán XRD, tí wọ́n ń fi ìtànṣán X yà láti mọ irú èròjà tó wà nínú ìyẹ̀fun, ló máa là yín lọ́nà: CuO máa ń yọrí sókè ní ìwọ̀n 35.5 àti 38.7, Cu₂O ní 36.4, bàbà pọ́ńbélé ní 43.3. Ẹni tó kọ «CuO» sórí ìgò láìwo èyí kò tíì mọ ohun tó ṣe.

## Àwọn yòókù, ní ṣókí

Titanium ní ìtàn tó dára. Ní 1972 ni Fujishima àti Honda ní Japan fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lórí TiO₂ lè pín omi sí méjì, ní 1985 ni Matsunaga àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá fi pa kòkòrò àìfojúrí. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrú ju nanomita 387 lọ ni oríṣi anatase rẹ̀ nílò, díẹ̀ kínún sì ni irú ìmọ́lẹ̀ yẹn nínú oòrùn, ìwọ̀nba ni gílóòbù inú ilé ń mú jáde. Ògiri ìta tó ń jẹ oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́ ni ibi tó ti wúlò. Ní ti ṣíṣe rẹ̀ pẹ̀lú ewéko, mo ní iyèméjì. Titanium isopropoxide tí ọ̀pọ̀ ń lò máa ń dì ní kété tó bá fojú kan omi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún omi ewéko láyè láti di ohunkóhun mú. Bákan náà, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de TiO₂ nínú oúnjẹ láti 2022, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ohun tí ẹnu máa kàn.

Ọ́ksáìdì magnesium, MgO, kò le fún ara èèyàn, kò sì lágbára tó sínkì. Fe₃O₄, ọ́ksáìdì dúdú ti irin tí alágbẹ̀dẹ ń lò, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa bakitéríà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì lè fà á jáde nínú omi lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí ìyẹn bá ṣe pàtàkì sí ló yẹ kó yàn án.

| | ZnO | CuO | TiO₂ | MgO |
|---|---|---|---|---|
| Àwọ̀ | funfun | dúdú | funfun | funfun |
| Nínú òkùnkùn | ó ń ṣiṣẹ́ | ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa | kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ | ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ |
| Ibi tó bá a mu | aṣọ, ìpara, ọ̀dà inú ilé | ìmú ilẹ̀kùn, ohun èlò tí kì í wọ omi | ògiri ìta | ibi tí ìpalára fún ara ti jẹ́ ẹ̀rù jù |
| Ibi tí kò yẹ kó dé | ohun tó kan | odò, adágún ẹja | oúnjẹ, inú òkùnkùn | ibi tó ń béèrè agbára |
| Ibi tí XRD ti ń yọrí | 31.8, 34.4, 36.3 | 35.5, 38.7 | 25.3 fún anatase | 42.9, 62.3 |

## Ewéko: aláwọ̀ ilẹ̀, aláwọ̀ ewé, pupa

Sargassum ni olórí àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ fún wa. Oríṣi méjì tó ń léfòó wá láti àárín òkun, S. natans àti S. fluitans, kì í lẹ̀ mọ́ òkúta rárá. Álgínéètì, fucoidan àti àwọn èròjà tó korò bí ti èèpo igi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bá mi dúró lórí álgínéètì yìí, torí òun ló tàn mí jẹ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo da iyọ̀ sínkì sínú omi Sargassum, nǹkan kan dì lójú ẹsẹ̀, ó funfun rúsúrúsú, inú mi sì dùn. Mo sẹ́ ẹ, mo gbẹ ẹ, mo wọ̀n ọ́n. Ó ju gbogbo ohun tí sínkì tí mo lò lè di lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èérún nano ni mo ṣe. Álgínéètì ni ohun tó ń fà bí ilá nínú ewéko yìí, tó bá sì pàdé áyọ́ọ̀nù tó ní +2, yálà calcium, sínkì tàbí bàbà, ńṣe ló ń dì gbagidi. Sínkì álgínéètì ni mo gbẹ.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹra fún un ò le. Ẹ má fi kọ́stíìkì sódà sínú omi tí ẹ fi ń se ewéko, torí kọ́stíìkì ló ń tú álgínéètì sílẹ̀ jù. Omi lásán ni kí ẹ fi sè é. Tó bá ṣì ń fà, ẹ fi calcium chloride díẹ̀ dì í, kí ẹ sẹ́ ẹ kúrò, kí sínkì tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe ìṣirò kí ẹ tó yọ̀. Gíráàmù 2.195 sínkì acetate tí omi méjì wà lára rẹ̀ kò lè di ohun tó ju gíráàmù 0.81 ZnO lọ. Gíráàmù 2.497 copper sulphate búlúù kò lè ju gíráàmù 0.80 CuO lọ. Bí ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n yín bá ju ìyẹn lọ, ewéko tàbí iyọ̀ ló ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ewu kejì nínú Sargassum ni arsenic. Ohun tí wọ́n kó ní etí òkun Karibíà ti Mexico, tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2020, ní arsenic tó tó mílígíráàmù 24 sí 172 nínú kílógíráàmù ewéko gbígbẹ. Arsenic lè bá omi sísè jáde. Ẹni tó ń ṣe ìpara tàbí ohun tí ọgbẹ́ máa kàn gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣọ́ra jù tó bá jẹ́ irin Fe₃O₄ lẹ yàn, torí ọ́ksáìdì irin dúdú fẹ́ràn arsenic débi pé wọ́n ń lò ó láti fi fà á kúrò nínú omi. Ńṣe ló máa kó o pamọ́ sára.

Ulva ni aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí ewé ẹ̀fọ́, ó ń yára gbẹ níbòji, ó rọrùn láti lọ̀. Ulvan inú rẹ̀ ń bo èérún láìjẹ́ kó dì gbagidi bí álgínéètì. Kò pọ̀ létí òkun wa bíi Sargassum, torí iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, òkúta ló sì ń lẹ̀ mọ́. Ẹ wá a lára òkúta tí wọ́n kó sétí òkun láti fi dá ìgbì dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fa èérí inú omi mọ́ra, nítorí náà ẹ má kó o nítòsí gọ́tà tàbí ibi tí ọkọ̀ ń da epo sí.

Ní ti pupa, Gracilaria ń fúnni ní agar, àwọn Kappaphycus àti Eucheuma tí wọ́n ń gbìn ní Zanzibar láti 1989 ń fúnni ní carrageenan. Omi wọn ń dì bí ẹ̀kọ nígbà tó bá tutù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì gbóná. Mo mọ ẹni tó fi bébà ìsẹ́ mẹ́fà ṣòfò lọ́jọ́ kan nítorí èyí. Ohun kan ló ń jẹ́ kí n máa dárúkọ wọn: ewéko tí wọ́n gbìn, tí ẹ rà ní gbígbẹ, bára dọ́gba ju èyí tí ìgbì gbé wá lọ. Sargassum oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹjọ lè má jọra. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ máa ṣe léraléra fún títà, ìbáradọ́gba yẹn níye lórí.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ fọ iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú omi tó mọ́, ẹ fi omi dísítíìlì fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan. Iyọ̀ jíjẹ máa ń yọrí ní ìwọ̀n 31.7 nínú XRD, bẹ́ẹ̀ 31.8 ni ZnO. Ojú tí kò tẹjú mọ́ ọn lè ka iyọ̀ sí sínkì. Ẹ wo 45.4 pẹ̀lú: bí nǹkan bá yọrí níbẹ̀, iyọ̀ ṣì wà. Bí nǹkan bá yọrí ní 29.4, ẹfun calcium ni.

## Ìléru tàbí kó má wọ ìléru

Ibí ni mo rò pé àṣìṣe tó tóbi jù ti ń wáyé. Èèyàn á fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ewéko, á sè é, á sẹ́ ẹ, á wá gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ìléru tó gbóná tó ìwọ̀n 500 Celsius fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ pé èròjà ewéko ló bo èérún òun, òun ló sì ń fún un lágbára. Kí ló ṣẹ́kù lára ewéko ní ìwọ̀n 500? Eérú díẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú FTIR (ìdánwò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì mọ èròjà) ní nǹkan bíi 3,400 tí wọ́n pè ní èròjà ewéko, ọ̀pọ̀ ìgbà omi inú afẹ́fẹ́ ni.

Nítorí náà ẹ yan ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ọ́ksáìdì tó mọ́, tí ojú XRD rẹ̀ mú ṣáṣá, ẹ gbé e wọ ìléru, kí ẹ sì gbà pé iṣẹ́ ewéko parí síbi tó ti ṣètò ìwọ̀n èérún. Bí ẹ bá fẹ́ kí awọ ewéko ṣì wà lára rẹ̀, ẹ gbẹ ẹ ní ìwọ̀n 60 sí 80 nìkan, kí ẹ sì gbà pé hydroxide lè ṣẹ́kù níbẹ̀. Fún sínkì, ọ̀nà kejì yìí ṣeé ṣe, torí tí omi tó ní kọ́stíìkì bá gbóná tó, ZnO lè dì nínú bíkà láìdé ìléru. Titanium kò ní dà bẹ́ẹ̀. Láìsí iná, kì í sábà di anatase gidi. Fún aṣọ àti ìpara, èmi á yan ZnO tí kò wọ ìléru, torí awọ ewéko yẹn ń jẹ́ kó pò mọ́ omi láìdì ní kókó.

## Ṣé ó sàn ju ti kẹ́míkà lásán lọ?

Ní 1998 ni Anastas àti Warner gbé ìlànà méjìlá kalẹ̀ fún kẹ́mísírì tí kò ba àyíká jẹ́. Lílo ohun tó ń hù padà wà níbẹ̀, dídín agbára iná kù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ewéko òkun mú ti àkọ́kọ́ ṣẹ. Ìléru tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé fún wákàtí mẹ́ta kò mú èkejì ṣẹ rárá.

Ẹ fi sínkì acetate àti kọ́stíìkì sódà nìkan ṣe é, láìsí ewéko, ẹ máa rí ZnO nano pẹ̀lú. Ó yára jù, ó mọ́ jù, ó bára dọ́gba jù. Ohun tí ewéko fi lé e lórí ni awọ tó ń dáàbò bo èérún láìlo kẹ́míkà mìíràn fún ìbora, àti àǹfààní pé ìdọ̀tí etí òkun di ohun èlò. Fún mi, àwọn méjèèjì tó láti yàn án, bí ẹ bá yẹra fún ìléru. Bí ìléru bá pọn dandan fún ohun tí ẹ ń ṣe, kẹ́míkà lásán lè jẹ́ ọ̀nà tó mọ́ jù, kò sì sí ìtìjú nínú sísọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ yín.

## Ìdánwò tó ń sọ òótọ́

Ọ̀pọ̀ ń da agar sínú àwo, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á da èérún sí i, wọ́n á wọn àyíká tí bakitéríà ò hù sí. Ó rọrùn, ó sì ṣeé yà lámì. Ṣùgbọ́n èérún kì í rìn nínú agar. Áyọ́ọ̀nù tó yọ́ nìkan ló ń rìn. Nítorí náà àyíká tó fẹ̀ lè máa sọ fún yín pé irin náà ń yára yọ́, kì í ṣe pé ó dára jù. Ẹ má fi àwo agar nìkan pinnu láàárín sínkì àti bàbà.

Ẹ lo omi oúnjẹ bakitéríà, kí ẹ wá MIC, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó dá ìdàgbà wọn dúró. Nǹkan bí 500,000 bakitéríà nínú mìlílítà kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Staphylococcus aureus ATCC 29213 àti Escherichia coli ATCC 25922 ló yẹ fún èyí (ATCC ni ilé ìpamọ́ bakitéríà ní Amẹ́ríkà tó fún wọn ní nọ́ńbà). S. aureus ATCC 25923 tí ọ̀pọ̀ láàbù ní wà fún ìdánwò orí agar. Èérún fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi rú, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ẹ mú díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sórí agar tuntun, ẹ wo èyí tó hù lọ́jọ́ kejì. Ẹ sì má fi omi tó ní phosphate fọ bakitéríà tàbí èérún: sínkì á so mọ́ phosphate, agbára rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé kò sí.

Ìgò àfiwé ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá èérún nìkan wò. Ẹ gbé omi ewéko nìkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé iyọ̀ sínkì tí sínkì inú rẹ̀ tó iye kan náà, ẹ gbé ZnO tí wọ́n ń tà lọ́jà tí kì í ṣe nano, ẹ gbé oògùn tí a ti mọ̀. Bí iyọ̀ sínkì lásán bá pa bakitéríà bí èérún yín ṣe pa á, ẹ ò tíì fi hàn pé nano ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí ZnO ọjà bá bá a dọ́gba, kí wá ni ewéko ṣe? Iṣẹ́ tó ní ìgò mẹ́rin yìí, kódà tí àbájáde rẹ̀ ò wúni lórí, ni mo máa gbà gbọ́ ju èyí tó ní àwòrán mẹ́wàá tí kò sì ní àfiwé kan.

## Èwo ni kí n mú?

Aṣọ tàbí ìbòjú: ZnO, Ulva, gbígbẹ ní ìwọ̀n 60 sí 80. Ìpara ara: ZnO náà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Sargassum lẹ ní, ẹ wọn arsenic kí awọ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ìmú ilẹ̀kùn, ojú tábìlì láàbù: CuO, kódà Sargassum ò burú níbẹ̀, torí kì í kan ẹnu. Ògiri ìta: TiO₂, ẹ lè fi ewéko sílẹ̀ pátápátá. Adágún ẹja: ẹ má ṣe bàbà, sínkì náà sì ń fẹ́ ìṣọ́ra, torí ó ń pa ẹja bó bá pọ̀, èmi ò tíì rí èyí tí ọkàn mi balẹ̀ lé lórí fún ẹja. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ ní oṣù mẹ́fà fún: sínkì pẹ̀lú ewéko kan ṣoṣo tí ẹ kó lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ gbẹ pọ̀, tí ẹ lọ̀ pọ̀, tí ẹ fi sínú ìgò kan. Ìyàtọ̀ láàárín ewéko ti ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè jẹ oṣù mẹ́fà yẹn tán.

Omi tí ẹ fi fọ bàbà àti sínkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú síǹkì ìfọwọ́. Gọ́tà yẹn ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà sì ń bọ́ sínú òkun tí ẹ ti lọ kó ewéko. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi kọ́stíìkì gbé pH rẹ̀ dé nǹkan bíi 9, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí irin rọlẹ̀. Ẹ sẹ́ ohun tó rọlẹ̀, ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ kọ orúkọ irin náà sára ìgò rẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ẹ ń tọ́jú kẹ́míkà sí.